Bí Fídíò Tàbí Rédíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ibi Tó Ti Já

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Láti Kàbà dé Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú títí kan Ẹ̀gbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ sin àgbàlagbà láyé ìsinsìnyí, àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó, l'Ábùjá àti lókè òkun á ti máa béèrè línkì kí wọ́n tó béèrè iye aṣọ ẹbí. Àwọn tó wà nílé náà kò gbẹ́yìn: fóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ rédíò Ìbàdàn àti ti Èkó tí èríálì kò lè mú níbí. Ọjọ́ tó bá wá kọ̀, ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Òótọ́ ni nígbà míì. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Dátà ló tán, tàbí déètì fóònù ló ti yí, tàbí ilé iṣẹ́ rédíò fúnra rẹ̀ ló ti pààrọ̀ línkì rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi mẹ́rin ni ọ̀nà ti lè já: nínú fóònù yín, lórí síìmù àti dátà yín, láàárín òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ilẹ̀ òkèèrè, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé ètò náà jáde. Ẹ mọ ibi tó ti já ná kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá sáré yọ áàpù kúrò tó tún un gbé wọlé ti jẹ dátà, bó bá sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, wàhálà ti di méjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó kọ

Bí ìkìlọ̀ bá yọ, "OK" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ̀ kíákíá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà pa mọ́, ẹ ṣì máa nílò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ 404 lẹ rí, ẹ dé ilé tí ẹ ń lọ, àmọ́ ohun tí ẹ wá wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti yí línkì náà padà, tàbí lẹ́tà kan já sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín. 403 ní tirẹ̀, wọ́n rí yín, wọn ò gbà kí ẹ wọlé: bóyá ètò náà kò wà fún orílẹ̀-èdè wa, bóyá VPN (áàpù tó ń fi ibi tí ẹ wà pa mọ́) tí ẹ tàn ni wọn ò fẹ́, bóyá àkókò tí wọ́n fún línkì náà ti kọjá. 503 ń sọ pé ibẹ̀ kún, tàbí pé wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ fún un ní ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó padà lọ. Mo fẹ́ràn kí n rí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ju kí n má rí nǹkan kan lọ, nítorí wọ́n ń jẹ́rìí pé dátà yín ń lọ, fóònù yín sì dé ibi tó ń lọ. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí fóònù tó máa mú 404 kúrò, ẹ má wulẹ̀ pa á tàn.

"Timed out" yàtọ̀. Fóònù pè, ó dúró, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. "Server IP address could not be found" tàbí ohunkóhun tó bá mẹ́nu kan DNS (ohun tó ń sọ ibi tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan wà fún fóònù) ń sọ pé fóònù kò mọ ibi tí ilé náà wà rárá. Bó bá sọ "certificate" tàbí "Your connection is not private", ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin tààrà. Bó bá sì jẹ́ "unsupported format", tàbí tí ohùn ń jáde tí àwòrán dúdú, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ yín, fóònù ni kò lè kà á. Ẹ fi áàpù VLC ṣí i, nítorí ó mọ oríṣiríṣi fídíò ju áàpù tó bá fóònù wá lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìdánwò mẹ́ta

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ṣe mẹ́ta yìí dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó máa bá a tún fóònù ṣe. Ẹ rántí pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan; bí ẹ bá yí méjì pọ̀, tó sì ṣí, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ fi áàpù kan náà ṣí nǹkan mìíràn. Bí rédíò kan bá kọ̀, ẹ gbìyànjú rédíò mìíràn nínú áàpù yẹn. Bí èkejì bá dún, fóònù àti dátà yín ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú línkì tó kọ̀ yẹn, ẹ fi áàpù mìíràn ṣí i. Bó bá jẹ́ Facebook ni, ẹ lọ gba inú Chrome. Bó bá ṣí níbẹ̀, áàpù yẹn ni kí ẹ tọ́jú: ẹ tẹ áàpù náà mọ́lẹ̀, ẹ wọ "App info", ẹ lọ sí "Storage", ẹ tẹ "Clear cache". Ẹ má fọwọ́ kan "Clear data" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn máa jù yín síta láti inú àkáǹtì yín.

Ìdánwò kẹta ni ẹ ti máa bẹ aládùúgbò. Ẹ ní kó tan hotspot fún yín, pàápàá bí síìmù rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín, kí ẹ ṣí línkì náà lórí dátà tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tó. Dátà onídátà ni. Bó bá ṣí, síìmù yín ni kí ẹ dojú kọ. Bí kò bá ṣí lórí tiyín, tí kò ṣí lórí tirẹ̀, tí áàpù méjì sì kọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tó ń gbé ètò náà jáde ni wọ́n ní ẹjọ́ láti rò. Ẹ fo gbogbo ohun tó kù lọ sí apá tó kẹ́yìn, "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi".

Ìgbésẹ̀ kẹta: dátà, ọ̀ràn tí kò tán

Màmá kan gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe ní Kàbà, inú ń bí wọn. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò ṣí.

"Mà, dátà yín ti tán."

"Ó tán bí i ti báwo? Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni. Ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá ni?"

A tẹ *323#. Èsì dé: dátà WhatsApp nìkan ló kù. Ẹni tó bá wọn ra dátà ti ra èyí tó wà fún WhatsApp nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kò sì ṣàlàyé fún wọn pé kò lè ṣí YouTube. Fóònù ń kọ 4G gàdàgbà lókè, ọ̀rọ̀ ń wọlé, gbogbo ilẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó dára.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé dátà wà, ẹ tẹ *323#. Nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ọdún 2023 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe iye tó kù nìkan lẹ máa wò, ẹ wo irú èyí tó jẹ́ àti ọjọ́ tó máa kú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òru nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ mọ bí ohun tí ẹ ń wò ṣe ń jẹun pẹ̀lú. Rédíò tó ń lọ ní iyára 64 kbps ń jẹ nǹkan bíi 29 MB ní wákàtí kan, èyí tó já sí pé 1 GB lè gbé yín fún ohun tó lé ní wákàtí 34. Fídíò kò rí bẹ́ẹ̀. Iyára tí Google ní kó wà fún fídíò 360p (nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ tó) lórí YouTube ni 0.7 Mbps, bó bá jẹ ẹ́ tán, ó lé ní 300 MB ní wákàtí kan. Ìsìn ìsìnkú oníwákàtí mẹ́ta ti fẹ́ gbé 1 GB lọ nìyẹn, kí wọ́n tó dé ibi ìjókòó àlejò. 1080p ń béèrè 5 Mbps, ìyẹn lé ní 2 GB ní wákàtí kan ṣoṣo.

Bí dátà bá wà lóòótọ́ tí kò sí ohun tó ṣí, ẹ tan "Airplane mode", ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ pa á. Ẹ wo "Data Saver" nínú Settings. Bó bá wà ní títàn, ó lè dí áàpù tí ẹ kò ṣí sójú lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síìmù bọ inú fóònù tuntun ni, APN (àdírẹ́sì tí síìmù fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) lè má sí níbẹ̀. Ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà yẹn gan-an, láìsí àlàfo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: déètì

Èyí kò gba àkókò, àmọ́ ó ń fọ́ àwọn èèyàn lórí. Bí bátìrì bá kú pátápátá fún ọjọ́ mélòó kan, fóònù míì máa ń jí sí ọdún 2015 tàbí ọdún mìíràn tó ti kọjá. Gbogbo ìkànnì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ló ní ìwé ẹ̀rí ("certificate") tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí fóònù bá gbà pé ọdún 2015 la wà, ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, yóò sì kọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí "Date & time", ẹ tan èyí tó ní kó máa gba àkókò láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí àgbègbè àkókò rẹ̀ sì jẹ́ Lagos. Bákan náà ni fún tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú.

Bí déètì bá tọ́ tó ṣì ń ké nípa ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ orí fóònù ni kí ẹ wò. Let's Encrypt ló ń fún ọ̀pọ̀ ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ẹ̀rí àgbà tí wọ́n gbára lé tẹ́lẹ̀ parí ní 30 September 2021, Android tó ṣáájú 7.1.1 kò sì mọ èyí tó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dọ́gbọ́n fún àwọn fóònù àtijọ́ yẹn títí di 2024, ìyẹn náà ti parí. Bí Firefox bá ṣì wọ irú fóònù bẹ́ẹ̀, ẹ fi gbìyànjú, nítorí àkójọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ló ń gbé dání. Bí kò bá wọ̀ ọ́, fóònù ọ̀hún ti ṣe tirẹ̀. Kó máa gba ìpè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òkè, òpó àti ọ̀pọ̀ èrò

Ilẹ̀ wa kún fún òkè. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan máa mú 4G, kí èkejì wà lẹ́yìn àpáta kó máa mú lẹ́tà E. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lókè fóònù. 4G dára. H tàbí H+ jẹ́ 3G, ó tó fún rédíò dáadáa, fídíò kékeré náà lè gbà á. E kò lè gbé fídíò, rédíò gan-an máa ń dá dúró lórí rẹ̀. Ẹ má bá E jà.

Ọ̀pá tó ń hàn lókè máa ń parọ́. Ẹ lọ sí "About phone", ẹ wá "SIM status", ẹ ó rí nọ́ńbà kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú àti dBm lẹ́yìn. Lórí 4G, -85 dára, -115 kò dára rárá. Ẹ gbé fóònù káàkiri ilé, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń yí. Ibi tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà tó sún mọ́ òdo jù, bí ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó, ẹ gbé fóònù kan síbẹ̀, ẹ tan hotspot rẹ̀, kí ẹ wá jókòó ti fóònù kejì níbi tó bá wù yín. Mo ti rí i tí èyí gbé fídíò dúró nínú ilé tí wọ́n ti sọ pé kò ṣeé ṣe.

Ọjọ́ ayẹyẹ ní ìṣòro tirẹ̀. Òpó lè máa mú dáadáa láti Monday dé Thursday, kó di Saturday tí ọkọ̀ kún ìlú, tí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ kánópì ń gbé fídíò sórí Facebook lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá lè kún, kí ohunkóhun má kọjá. Ẹ wọ "Preferred network type", ẹ yí i sí 3G fún ìgbà díẹ̀, nítorí gbogbo èrò ti kó sórí 4G. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń gbé ìsìnkú náà jáde fún àwọn ará òkèèrè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 480p tàbí 360p kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bínú díẹ̀ pé kò mọ́lẹ̀. Bó bá já pátápátá, wọ́n á pe gbogbo ẹbí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: DNS

Bí WhatsApp bá ń lọ, tí dátà yín jẹ́ èyí tó ń ṣí ohun gbogbo, tí ìkìlọ̀ sì ń sọ pé kò rí ilé tí ẹ ń lọ, ẹ wọ Settings, ẹ wá "Private DNS". Ó wà lórí Android 9 lọ sókè. Ẹ kọ dns.google sínú rẹ̀, tàbí one.one.one.one. Bí ẹ bá bá orúkọ mìíràn níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀, bóyá ẹnì kan ló fi síbẹ̀ kí ìpolówó má baà máa yọ, ẹ yí i padà sí "Automatic" kí ẹ tún gbìyànjú. Lórí kọ̀ǹpútà, 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 ni.

Ìgbésẹ̀ keje: línkì fúnra rẹ̀

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò wa ṣì ń lo línkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http láìsí s, tí wọ́n sì ní 8000 tàbí nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn. Láti 2020 ni Chrome ti ń fipá sọ irú línkì bẹ́ẹ̀ di https bí ojú ewé tó gbé e bá jẹ́ https. Bí ilé iṣẹ́ rédíò kò bá ní https, kò ní dún, bọ́tìnnì á kàn máa pòòyì. Áàpù tí wọ́n ṣe fún Android 9 lọ sókè náà sábà máa ń kọ http. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ tẹ línkì rédíò náà mọ́lẹ̀, ẹ kọ́pì rẹ̀, ẹ ṣí VLC, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "New stream", ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó máa ń dún.

Línkì tó bá parí pẹ̀lú .pls, .m3u tàbí .m3u8 kì í ṣe orin tàbí fídíò gan-an, ìwé kékeré tó ń tọ́ka sí ibi tí ohùn wà ni. Bí fóònù yín bá ń gbé e wálẹ̀ dípò kó dún, VLC náà ni kí ẹ fi ṣí i. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mms ti pẹ́ jù. Èyí tó bá sì ní kí ẹ gbé Flash wọlé, ẹ sá fún un: Flash ti parí láti 31 December 2020, ẹni tó bá ń fún yín ní Flash lónìí, kòkòrò ló fẹ́ fún yín.

Bó bá ń lọ ṣùgbọ́n tí kò dún, ẹ wo àmì gbohùngbohùn tó ní ìlà lórí. Láti 2018 ni Chrome kì í ti í jẹ́ kí ohùn ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ó ṣí, àmọ́ ó ń dá dúró

Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wá lódindi. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ni Apple dámọ̀ràn fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Áàpù ń tọ́jú díẹ̀ pa mọ́, ó sì ń mú nínú rẹ̀, bí ilé tó ń pọn omi láti inú ìkòkò nígbà tí ẹnì kan ń bọ̀ láti odò. Bí ẹni tó lọ odò bá pẹ́, ìkòkò á gbẹ, fídíò á sì dúró. Ọgbọ́n méjì ló wà: kí ẹ dín ohun tí ẹ ń mu kù, tàbí kí ẹ fi ìkòkò ńlá rọ́pò kékeré. Lórí YouTube, ẹ yí "Quality" sí 240p tàbí 144p. Nínú VLC, ẹ lọ sí "Advanced" nínú Settings rẹ̀, ẹ wá "Network caching value", ẹ kọ 5000. Ó máa dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ geere. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ ń gbọ́, aládùúgbò á pariwo góòlù ṣáájú yín. Ẹ fara dà á.

Bí rédíò bá ń kú kìkì nígbà tí iná ojú fóònù bá pa, bátìrì ni fóònù ń ṣọ́. Tecno, Infinix àti itel tó pọ̀ lọ́wọ́ wa máa ń pa áàpù tó wà lẹ́yìn. Ẹ wọ "App info" áàpù rédíò náà, ẹ wá "Battery", ẹ yan "Unrestricted" tàbí èyí tó bá jọ ọ́. Bí Phone Master, áàpù tó ń pa áàpù mìíràn láti fọ fóònù mọ́, bá wà lórí rẹ̀, ẹ yọ áàpù rédíò yín kúrò nínú àwọn tó ń pa.

Lórí kọ̀ǹpútà

VLC ni mo máa ń lò. Ẹ tẹ Ctrl àti N, ẹ lẹ línkì síbẹ̀. Bó bá kọ "Your input can't be opened", ìkìlọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ tẹ Ctrl àti M, ẹ fi nọ́ńbà "Verbosity" sí 2, kí ẹ tún línkì náà ṣí. Ẹ ó rí i pé ó kọ 404, 403 tàbí "timed out" sínú àwọn ìlà tó ń sáré, ẹ sì ti mọ ìtumọ̀ wọn. Bó bá dún lórí dátà fóònù yín tó kọ̀ lórí Wi-Fi ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ilẹ̀kùn 8000 (nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn línkì rédíò yẹn) pa níbẹ̀. Ẹ má bá a jà, ẹ lo hotspot.

Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi

Ní 14 March 2024, okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Côte d'Ivoire, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ síìmù tó ń fi bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni. Bí gbogbo ìdánwò bá kọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tó wà nílùú mìíràn bóyá ó ń ṣí fún un. Bó bá ń kọ̀ ọ́ náà, ẹ fi ọwọ́ lẹ́rán.

Bó bá ń ṣí fún ẹni tó wà l'Ékòó tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni tó ń lo síìmù kan náà ní ìlú yín, ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lórí 300. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, 622 ni ti NCC, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ètò jáde, ẹ má kàn kọ pé "kò ṣí o". Ẹ fi àwòrán tí ẹ yà ní ìgbésẹ̀ kìíní ránṣẹ́, kí ẹ kọ línkì náà, wákàtí tó kọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ lò, irú fóònù àti áàpù, àti pé ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ lórí síìmù mìíràn.